Òpó Àárín

Bí ènìyàn bá wa ọkọ̀ gba ojú ọ̀nà Bixler lọ́dún yẹn, kò ní kọjá ilé mẹ́ta kó má rí pátákó kan lẹ́bàá ọ̀nà: Ẹ JẸ́ KÍ OKO JẸ́ OKO. Àwọn tí wọn kò ní ju koríko iwájú ilé lọ pàápàá ri tiwọn mọ́lẹ̀. Iwájú ilé Leona Buskirk nìkan ló ṣófo, òfìfo yẹn sì tó ìkéde. Ní ìlú Tamarack, ẹni tí kò bá ri pátákó mọ́lẹ̀ ti sọ tẹnu rẹ̀.

Leona kì í ṣe ẹni tó ń wá ìjà kiri. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún díẹ̀, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, orúnkún rẹ̀ kan sì ti sọ fún un pé òun kò gun katakata mọ́. Oko rẹ̀ náà tẹ́ẹ́rẹ́ bíi tirẹ̀. Ó gùn láti ojú ọ̀nà títí dé odò, ṣùgbọ́n bí o bá dúró ní ààlà ọ̀tún tí o sì pe ẹni tó wà ní ààlà òsì, ó máa jẹ́ ọ. Gerrit ọkọ rẹ̀, tó ti di olóògbé láti ọdún mẹ́fà, máa ń sọ pé oko àwọn dà bí ìgbànú: ó gùn, kò sì bo nǹkan kan.

Iléeṣẹ́ kan fẹ́ gba oko ìgbànú yìí láti to sólà sí i, kí wọ́n máa fi oòrùn ṣe iná. Bí sólà bá dé, ohun tí wọ́n máa san yóò tó owó orí ilẹ̀, yóò tó tún òrùlé ṣe, Leona yóò sì wà nínú ilé tí wọ́n gbé e wọ̀ ní ìyàwó títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Bí kò bá dé, Curtis ọmọ rẹ̀ ti sọ ọ́ láìfi epo bọ iyọ̀: wọ́n á ta oko àti ilé, òun á sì wá mú ìyá òun lọ sí yàrá méjì kan ní Lansing, níbi tí ẹ̀rọ agbéniròkè wà, tí àwọn àgbàlagbà sì ń ta bíńgò ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Leona kórìíra bíńgò. Kò tilẹ̀ sí ohun tó burú nínú Lansing, ṣùgbọ́n kò sí fèrèsé kankan níbẹ̀ tí Gerrit ti yọjú rí.

Òfin ìlò ilẹ̀ ló wá dúró sáàárín òun àti ilé rẹ̀. Ìlú Tamarack ti ní òfin kan lórí sólà tẹ́lẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìlú tó múlé tì wọ́n ni akọ̀wé ti dà á kọ, ìkánjú sì bá a débi pé orúkọ ìlú ọ̀hún ṣì wà lójú ewé kejì títí di òní. Òfin yẹn sọ pé kí sólà fi àádọ́ta ẹsẹ̀ bàtà jìnnà sí ààlà aládùúgbò. Kò sẹ́ni tó bínú sí i, nítorí nígbà náà kò sẹ́ni tó ń kó sólà bọ̀. Ìgbà tí iléeṣẹ́ náà dé ni ìgbìmọ̀ ìlò ilẹ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún gbé àbá tuntun jáde pé kí àádọ́ta di ọ̀ọ́dúnrún. Ẹ bá mi wò ó. Gbogbo ìbú oko Leona kò ju ẹgbẹ̀ta ẹsẹ̀ bàtà ó lé ọgọ́ta lọ. Ẹ yọ ọ̀ọ́dúnrún lápá ọ̀tún, ẹ yọ ọ̀ọ́dúnrún lápá òsì. Èyí tó kù kò tó sin ẹṣin sí, iléeṣẹ́ náà sì ti kọ̀wé pé bí òfin tuntun bá kọjá, àwọn á gba ibòmíràn lọ.

Ẹni tó dá àbá náà ni Orville Teachout. Orville yìí kan náà ni oko rẹ̀ bá ti Leona pààlà.

Ó yẹ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ọgbà ààlà ṣe rí níbẹ̀. Bí ilẹ̀ ẹni méjì bá pààlà, wọ́n á jọ lọ dúró níbi òpó tó wà ní àárín gbùngbùn ọgbà wáyà náà, ọ̀kan lápá ìhín, ìkejì lápá ọ̀hún, wọ́n á kọjú síra wọn. Apá tó bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún kálukú, tirẹ̀ nìyẹn láti máa tún ṣe. Wọ́n á bọ ara wọn lọ́wọ́ lórí òpó, ó parí. Kò sí ìwé, kò sí lọ́yà. Gerrit àti Orville ṣe é nígbà tí irun orí àwọn méjèèjì ṣì dúdú, kò sì sí ọdún tí ọ̀kan yẹ̀ nínú wọn.

Nígbà ìrúwé àkọ́kọ́ lẹ́yìn ikú Gerrit, tí yìnyín yọ́ tán tí ilẹ̀ sì ti ti òpó mélòó kan síta, Leona gbé òòlù, ó lọ sí apá tirẹ̀. Ó bá a pé wọ́n ti tún un ṣe. Wáyà le dáadáa, ìṣó tuntun ń dán. Orville kò sọ nǹkan kan. Leona náà kò sọ nǹkan kan; ó yan páì ápù, ó gbé e ka orí òpó àárín, nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ àwo òfìfo ló bá níbẹ̀. Ọdún yẹn náà ni Orville bẹ̀rẹ̀ sí í gé koríko oko Leona fún àwọn àgùntàn rẹ̀. Wọ́n bọwọ́ lórí òpó kan náà. Bí ìgbà ìwọ́wé bá dé, ìdajì ọ̀dọ́ àgùntàn á wọ inú fírísà Leona. Bí yìnyín bá bo ọ̀nà ilé rẹ̀, kó tó mu kọfí tán, katakata Orville ti ń kó o kúrò.

Nítorí náà, Orville kò kórìíra sólà. Àgùntàn rẹ̀ ló fẹ́ràn. Wọ́n tó ọgọ́ta, bí wọ́n bá sì gba koríko oko Leona lọ́wọ́ wọn, ìdajì wọn ni yóò gun ọkọ̀ lọ sí ọjà kí òtútù tó mú. Ọkùnrin tí kò bímọ, tó ń fi orúkọ pe àgùntàn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ò lè retí kó fi ẹ̀rín gbà á. Mi ò dá a lẹ́bi níbẹ̀. Ibi tí mo ti dá a lẹ́bi ni pé òfin ìgbìmọ̀ sọ pé ẹni tó bá ní nǹkan tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ dìbò lórí rẹ̀, Orville sì jókòó pa sí àga rẹ̀ bíi pé kò sóhun tó kàn án. Gbogbo ìlú ló ń rí katakata rẹ̀ nínú oko Leona. Gbogbo ìlú ló dákẹ́. Wọ́n tilẹ̀ ti ṣírò ìbò náà nílé kọfí: mẹ́ta sí méjì, Orville ni yóò sì jẹ́ ẹni kẹta.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìbò, Leona rí i láti fèrèsé pé Orville wà lẹ́bàá ọgbà. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ó wọ bàtà òjò, ó sì tọ̀ ọ́ lọ.

"Orúnkún ńkọ́?" ni Orville wí láìgbójú sókè. Bí wọ́n ṣe ń kíra wọn nìyẹn.

"Ó wà ńbẹ̀. Ìbàdí tìẹ ńkọ́?"

"Òun náà ò tíì rí ibi sá lọ."

"Orville, ọ̀ọ́dúnrún yẹn pọ̀ jù."

"Fún ta ni?"

"O mọ ẹni tó pọ̀ jù fún. Ìwọ lo ń wa katakata lọ sókè sódò nínú oko yẹn. O mọ ìbú ẹ̀ ju èmi tí mo ni ín lọ."

Orville fi ẹ̀mú rẹ̀ yí wáyà kan po, ó wo àwọn àgùntàn rẹ̀ bíi pé àwọn ló bi í ní ìbéèrè. "Òfin kì í ṣe ti ẹnì kan, Leona. Ti gbogbo ìlú ni."

"Ẹ̀hẹ́n. Gbogbo ìlú. Oko tẹ́ẹ́rẹ́ mélòó ló wà nínú gbogbo ìlú?"

Orville tún fi ẹ̀mú yí wáyà mìíràn po.

"Ó dáa, gbọ́ mi," ni Leona wí. "Àgùntàn ń jẹko lábẹ́ sólà níbòmíì. Koríko á máa hù lábẹ́ ẹ̀, iléeṣẹ́ yẹn á sì fẹ́ kí nǹkan máa jẹ ẹ́. Mo lè sọ fún wọn pé ẹran ẹ ni mo fẹ́ ńbẹ̀, pé mi ò gba ti ẹlòmíì."

Orville wá gbójú sókè, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹran mi lábẹ́ gíláàsì! Kí wọ́n wá máa fi wáyà iná panu! Leona, ṣé o mọ bí abo àgùntàn ṣe ga tó lẹ́yìn?"

"Mi ò wọ̀n ọ́n rí."

"O ò mọ̀. Àwọn ọmọ oníbàtà tuntun tí iléeṣẹ́ yẹn ń rán wá náà ò mọ̀. Wọ́n á kàn án mọ́lẹ̀ bíi tábìlì ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, ẹran mi á máa ha ẹ̀yìn mọ́ irin títí irun á fi tán lára ẹ̀. Àánú wọn ò ṣe ọ́?"

"Àánú ara mi ló ń ṣe mí. Bí o ò bá gba ìyẹn, bọ́ sẹ́yìn nínú ìbò yẹn. Jẹ́ kí àwọn mẹ́rin yòókù dì í. Oko tí ò ń gé koríko ẹ̀ lọ̀rọ̀ dá lé."

"Ta ló rí ìwé?"

"Ìwé wo?"

"Ìwé tí mo fọwọ́ sí pé mo gba oko lọ́wọ́ ẹ." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. "Kò sí. A kàn bọwọ́ ni, Leona. Bíbọwọ́ kì í ṣe ìwé."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Leona ju ọ̀ọ́dúnrún ẹsẹ̀ bàtà lọ. Ọdún mẹ́fà ni bíbọwọ́ ti tó fún koríko, ó ti tó fún ẹran, ó ti tó fún yìnyín. Ọjọ́ tí òtítọ́ nílò rẹ̀ ni kò tó mọ́. Ó fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó kàn wí pé, "Gerrit ò ní sọ báyẹn," ó sì yí padà sílé. Ó gbọ́ tí Orville bẹ̀rẹ̀ sí í kan ìṣó lẹ́yìn rẹ̀, kíkàn tó le ju èyí tí ìṣó nílò lọ.

Curtis gbọ́ lórí fóònù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba inú rẹ̀ jáde.

"Mọ́mì, ẹ sọ fún wọn! Ẹ dìde níbi ìpàdé, kí ẹ ní ọkùnrin yìí ló ń lo ilẹ̀ mi, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò. Ọ̀rọ̀ tán."

"A kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbí."

"Ẹ kì í ṣe báwo? Ilé yín ló fẹ́ gbà mọ́ yín lórí!"

"Curtis, o rántí Lyle?"

Curtis rántí Lyle. Lyle ni ọkùnrin tó fẹjọ́ aládùúgbò rẹ̀ sun àwọn aláṣẹ nítorí ìgbẹ́ màlúù tó dà sójú ọ̀nà. Ó jàre. Ìgbẹ́ wà lójú ọ̀nà lóòótọ́. Láti ìgbà náà, bí ọkọ̀ Lyle bá yọ̀ sínú kòtò nígbà yìnyín, wọ́n á ṣì fi katakata fà á jáde, ènìyàn ṣáà ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fà á kò ní la ẹnu, bó bá sì fà á tán, kò ní dúró gba kọfí tí Lyle bá fi lọ̀ ọ́. Wọ́n kò bá Lyle jà. Wọ́n kàn ń ràn án lọ́wọ́ láìsọ̀rọ̀ ni, títí tó fi ta ilé rẹ̀ tó sì lọ.

"Lansing náà dáa, ẹ mọ̀," ni Curtis wí níkẹyìn, ohùn rẹ̀ sì rọ̀.

"Mo ti gbọ́. Bíńgò wà ńbẹ̀."

Lẹ́yìn tó gbé fóònù sílẹ̀, ó po ìyẹ̀fun páì, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ń wá nǹkan tí yóò lù. Ó ń lù ú, ó ń bá a sọ̀rọ̀, àárín ibẹ̀ ni ọ̀nà kan yọ sí i lọ́kàn. Ó dúró. Ó tún un rò. Ojú tì í díẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í lu ìyẹ̀fun.

Gbọ̀ngàn ìlú kún lọ́jọ́ ìbò. Ẹ̀rọ kọfí ńlá wà lẹ́yìn, àwo kúkíìsì yí i ká, páì Leona náà wà níbẹ̀. Janelle Pruitt, tó ń wa bọ́ọ̀sì iléèwé láàárọ̀ tó sì jẹ́ alága ìgbìmọ̀ nírọ̀lẹ́, ní kí gbogbo ènìyàn dìde kọjú sí àsíá, lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n jókòó. Akọ̀wé tẹ ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tó wà lórí tábìlì. Orville jókòó ní ìparí ní apá òsì, ó ti fá irùngbọ̀n, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ṣé ẹnikẹ́ni wà nínú ìgbìmọ̀ tó ní nǹkan tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tòní?" ni Janelle bi wọ́n, bó ṣe máa ń bi wọ́n ní gbogbo ìpàdé, ó sì ti fẹ́ kọjá sí èyí tó kàn.

Leona wo Orville. Orville wo ọwọ́ ara rẹ̀. Leona fún un láàyè yẹn, ẹ jẹ́ kí á kọ ọ́ sílẹ̀ fún Leona: ká ní Orville sọ̀rọ̀ nígbà náà ni, Leona ì bá jókòó síbi tó wà, ì bá jẹ páì rẹ̀ lọ sílé. Orville kò sọ̀rọ̀.

Àwọn aráàlú bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Òfin ni pé kí o dárúkọ ara rẹ àti ojú ọ̀nà tí ò ń gbé, kó tó di pé o sọ̀rọ̀, bí alága bá tilẹ̀ jẹ́ ẹni tó bí ọ. Ọkùnrin kan ní dídán sólà máa fọ́ ìgalà lójú kí ìgbà ọdẹ tó dé. Òmíràn ní ó máa mú ilẹ̀ gbóná débi pé yìnyín kò ní dúró mọ́, ẹnì kan sì kígbe láti ẹ̀yìn pé kí wọ́n tètè gbé e wá. Ọ̀dọ́bìnrin kan ní òun ra ilé òun nítorí ojú ilẹ̀ tó tutù lójú, òun kò sì fẹ́ máa jí wo irin. Ìyẹn sọ ọ̀rọ̀ gidi. Leona mi orí sí i.

Nígbà tí wọ́n pe Leona, ó mú bébà tó ká dání, ó dúró níwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Leona Buskirk, ojú ọ̀nà Bixler. Mo kọ nǹkan síwèé, mi ò ní kà á. Ẹ ti ń sọ láti ìrọ̀lẹ́ pé àwa tí a fẹ́ sólà ò mọyì oko. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí oko tèmi ṣe wà dòní." Ó mí. "Láti ìgbà tí Gerrit ti lọ, Orville Teachout ló ń gé koríko oko yẹn. Kò jẹ́ kó gbó jù rí, kò jẹ́ kí òjò pa á rí. Apá ọgbà tèmi, òun ló ń tún un ṣe mọ́ tiẹ̀. Bí ìwọ́wé bá dé, á gbé ìdajì ọ̀dọ́ àgùntàn wá, á ti gé e, á ti wé e nínú bébà funfun, á kọ 'itan' sára itan, á kọ 'apá' sára apá, bíi pé mi ò ní dá a mọ̀."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tó dùn ni.

"Mi ò rí ẹni tó ń lo ilẹ̀ onílẹ̀ tó sì tọ́jú ẹ̀ báyẹn rí. Mi ò sì dúpẹ́ lẹ́nu rí, páì ni mo máa ń gbé sórí òpó. Torí náà mo ní kí n dúpẹ́ níwájú gbogbo yín. Orville, o ṣeun. Ó tán."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn tó ní pátákó níwájú ilé pàtẹ́wọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín bóyá Leona mọ ohun tó ń ṣe, ẹ sọ fún un pé ó mọ̀. Ó ti sọ ọ́ fún ìyẹ̀fun, ó sì ti sọ ọ́ fún dígí ọkọ̀ bó ṣe ń bọ̀. Gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ òótọ́, látorí koríko dórí itan.

Janelle kò pàtẹ́wọ́. Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀, ó wo ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tó ń yí lọ lórí tábìlì. Ohun tí gbogbo ayé mọ̀ kò jọ ohun tí wọ́n sọ sínú ẹ̀rọ yẹn. Èyí tí wọ́n mọ̀, wọ́n lè gbójú fò ó. Èyí tí wọ́n sọ ti di ara ìwé ìpàdé, ẹyin tó ti balẹ̀ sì ni.

"Orville," ni Janelle wí, "ṣé òótọ́ ni?"

"Pé mo ń wé ẹran ní bébà funfun?"

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà tètè kú.

"Pé ìwọ lo ń lo oko yẹn."

Orville wo Leona tààrà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìrọ̀lẹ́. Ì bá sẹ́. Kò sí ìwé, òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn sẹ́ ọpẹ́, lójú gbogbo ìlú, lójú obìnrin tó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lórí òpó, ìyẹn kò sí lára ohun tí Orville lè ṣe. Leona ti mọ ìyẹn náà.

"Òótọ́ ni," ó wí.

"O mọ ohun tí òfin wí."

Ó dìde, ó mú fìlà rẹ̀ lórí tábìlì, ó rìn gba àárín gbogbo wọn lọ sí ẹ̀yìn, ó jókòó sórí àga kíká kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ kọfí. Àwọn mẹ́rin tó kù dìbò. Méjì sí méjì. Janelle ní àbá tí kò bá rí ìbò tó pọ̀ jù ti ṣubú, àádọ́ta ẹsẹ̀ bàtà ni òfin ṣì wí. Ó tún rán akọ̀wé létí pé kó jọ̀ọ́, kó yọ orúkọ ìlú kejì kúrò lójú ewé kejì.

Inú Leona dùn, kí á má purọ́. Ó rí fèrèsé ilé rẹ̀ lọ́kàn, kò sí ẹni tó lè gbà á mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ gbé àwo páì rẹ̀, ó rí i pé ojú ń tì í.

Orville dúró síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀.

"O yìn mí dáadáa," ó wí.

"Kò sí irọ́ kan nínú ẹ̀."

"Mo mọ̀. Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn." Ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀. "Ká ní o fẹjọ́ mi sùn ni, mi ò bá ti mọ bí mo ṣe máa bínú."

Yìnyín ìkẹyìn ọdún yẹn wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Leona jí, ó po kọfí, ó dúró, kò gbọ́ katakata. Ó mu kọfí náà tán. Ó mú ṣọ́bìrì, ó kó yìnyín kúrò lọ́nà ilé rẹ̀ fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ó ń sinmi lẹ́yìn ìgbésẹ̀ bíi mélòó kan, omi ojú sì ń dà lójú rẹ̀, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé òtútù ni. Nígbà tí ilẹ̀ rọ̀, ó lọ wo ọgbà. Apá ti Orville ti dúró ṣánṣán dé òpó àárín. Láti òpó àárín sí odò, apá tirẹ̀, wáyà wà nílẹ̀, òpó mẹ́ta sì ti dùbúlẹ̀. Lórí òpó àárín, níbi tí páì máa ń wà, ẹ̀mú Gerrit àti irin tí wọ́n fi ń fa wáyà wà níbẹ̀, pẹ̀lú korobá ìṣó kan. Láti ọdún mẹ́fà tí Orville ti ń lò wọ́n, ó fi epo nù wọ́n kó tó dá wọn padà.

Kò sí bó ṣe máa ṣe é. Apá tirẹ̀ ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó wọ ìbọ̀wọ́ Gerrit, ó sì bẹ̀rẹ̀. Wáyà náà yọ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó fà á, ó tún yọ. Àwọn àgùntàn Orville wá tò sápá ọ̀hún, wọ́n ń wò ó. Lẹ́yìn àkókò díẹ̀ Orville fúnra rẹ̀ wá, òòlù rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń ṣe bí ẹni tó ń wo nǹkan kan lára apá tirẹ̀ tí kò ní àbùkù kankan.

Kò kí i. Leona náà kò kí i. Ó tún fa wáyà, ó tún yọ.

"Òdì kejì lo ti ń fà á," ni Orville wí, kì í ṣe sí i gan-an. Ó wí i sí afẹ́fẹ́.

Leona gba òdì kejì. Wáyà le. Ó kan ìṣó kan mọ́ ọn, ó tún lọ sí òpó tó kàn. Orville kò ré ọgbà kọjá wá bá a, ṣùgbọ́n kò lọ. Bó bá ti rí i tó ṣì í ṣe, á sọ gbólóhùn kan sí afẹ́fẹ́, á sì dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí oòrùn fi dé àtàrí.

Leona nu ojú rẹ̀. Ó wo àwọn ẹran tó tò síbẹ̀. "Àwọn iléeṣẹ́ yẹn pè mí lánàá," ó wí, òun náà sọ ọ́ sí afẹ́fẹ́. "Wọ́n ní báwo ni kí àwọn ṣe gbé sólà ga tó, tí ẹran bá máa wà lábẹ́ ẹ̀. Mo ní mi ò mọ̀. Mo ní mi ò wọ̀n ọ́n rí."

Orville wo òkè, ó wo odò, ó wo ibi gbogbo àyàfi ojú rẹ̀. Níkẹyìn ó fi ahọ́n pe àgùntàn kan, ògbólógbòó abo kan tó ń jẹ́ Maybelle, èyí tó ga jù nínú wọn. Ó fà á mọ́ ẹ̀gbẹ́ òpó àárín títí ó fi dúró jẹ́ẹ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé e lẹ́yìn, ó tẹ́ ọwọ́ náà lọ gbọọrọ kan òpó. Ó mú ìṣó kan nínú korobá, ó kàn án síbẹ̀. Ó wò ó, orí rẹ̀ kò gbà, ó mú òmíràn, ó kàn án ní ìbú ọwọ́ méjì sókè sí ti àkọ́kọ́, nítorí irun ìgbà òtútù. Lẹ́yìn náà ó ju òòlù sí èjìká, ó sì ń lọ sílé, Maybelle ń tẹ̀lé e, kò sì wẹ̀yìn.

Leona wọlé lọ wá tépù ìwọ̀n Gerrit.